Ilé Ẹja Lábẹ́ Omi: Ohun Tí Ọ̀sà Amúwo-Ọ̀dọ̀fin Lè Gbà

Ẹ má gbin iyùn sínú ọ̀sà Festac ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Èkó. Kò ní í yè. Mo fi ìkìlọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ti wo fídíò bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀ka iyùn mọ́ férémù irin ní Indonéṣíà máa ń fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gan-an lẹ́yìn ilé wọn, owó á sì ti jáde lápò kí wọ́n tó mọ̀ pé omi ju omi lọ. Ohun tí orí yìí máa kọ́ yín ni bí a ṣe ń fi kọnkéré, ọparun àti ìkarawun kọ́ ibùgbé fún àwọn ẹran omi tó jẹ́ onílé ní ọ̀sà yìí: ọ́ísítà, akàn, edé, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́lé fún iyùn níbòmíì wúlò fún àwọn náà. A kàn máa yí i sí ti omi tiwa ni.

Iyùn tó ń kọ́ òkìtì sínú òkun kì í ṣe òkúta, ẹranko ni. Ewédò tín-ń-tín ń gbé inú ara rẹ̀, ó ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ omi tó mọ́ gaara, tí ooru rẹ̀ wà láàárín nǹkan bíi 23 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí iyọ̀ rẹ̀ kì í sì í lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi gíráàmù 32 nínú líta kan. Nínú gbogbo èyí, ooru nìkan ni ọ̀sà wa ní. Odò Yewa ń tú sínú ọ̀sà Bàdágírì, odò Òwò ń tú sínú ọ̀sà Ológe, gbogbo omi náà sì ń gba iwájú Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kọjá lọ sí èbúté Èkó. Tí òjò oṣù kẹfà bá ti dé, iyọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, omi á sì dà bí ẹrẹ̀ lójú.

Kì í ṣe Festac nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀ kò ní òkìtì iyùn ńláńlá. Ìwọ̀nba iyùn wà lára àpáta ní Cape Verde àti ní São Tomé àti Príncipe, níbi tí omi ti mọ́, àmọ́ wọn kò pọ̀ débi tí wọ́n á fi di odi tó ń dá ìgbì dúró. Ẹrẹ̀ àwọn odò ńlá kò jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni omi tútù tó máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní apá Ghana àti Côte d'Ivoire lọ́dọọdún. Iyùn pupa tí à ń so mọ́ ìyàwó lọ́rùn pàápàá, òkun Mediterranean ni wọ́n ti ń wá a, àwọn oníṣòwò Potogí ló sì gbé e dé etíkun wa láyé àtijọ́. Inú òkùnkùn ìsàlẹ̀ omi ni irú ìyẹn ń gbé, kì í kọ́ òkìtì.

Ohun tí òpó jẹ́tì ń sọ

Nígbà tí omi bá fà, ẹ wo ìdí òpó jẹ́tì kan ní apá Kírìkírì. Ẹ máa rí ibi kan lára òpó náà tó rí págunpàgun, tó lè gé ọwọ́ bí abẹ. Ọ́ísítà ni, àti àwọn ẹran kéékèèké onílé ṣóńṣó tí àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń ha kúrò ní ìdí ọkọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó gbìn wọ́n síbẹ̀. Ọmọ ọ́ísítà máa ń léfòó nínú omi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó ń wá ibi líle tó máa lẹ̀ mọ́. Tó bá ti rí i, ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi kú. Tí kò bá rí i, ẹrọ̀fọ̀ ló máa gbé e mì.

Ibi líle gan-an ni ọ̀wọ́n nínú ọ̀sà yìí. Ìsàlẹ̀ omi náà, ẹrọ̀fọ̀ àti iyanrìn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀ dáná, a sì ti da iyanrìn dí àbàtà rẹ̀ láti kọ́ ilé. Ẹni tó bá gbé ohun líle sínú omi níbi tó tọ́ kò ṣe ju pé ó dá ohun tó ti sọnù padà. Nígbà tí ọ́ísítà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, àárín ìkarawun wọn á di ibi ìsápamọ́ fún ọmọ akàn àti edé, ẹja á sì máa wá jẹ wọ́n. Bí òkìtì iyùn ṣe ń fa ẹja náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùpolongo àyíká máa ń sọ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ pẹ̀lú etí kan ṣoṣo: pé ọ́ísítà máa fọ ọ̀sà Èkó mọ́. Òótọ́ ni pé ó ń sẹ́ omi. Irú tó wà ní Amẹ́ríkà lè sẹ́ tó líta 190 lóòjọ́ tí gbogbo nǹkan bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́, ike àti epo tí à ń tú sínú ọ̀sà kọjá agbára rẹ̀. Gọ́tà ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ ka omi kí ẹ tó po sìmẹ́ńtì

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú orí yìí, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ní 1966, Sandison àti Hill tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹran mẹ́rin tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ní èbúté Èkó àti àwọn ọ̀sà tó so mọ́ ọn. Ọ́ísítà wà nínú wọn, iyọ̀ omi sì ni wọ́n fi wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Òfin yẹn, pé iyọ̀ ló ń pinnu ibi tí wọ́n lè gbé, kò tíì yí padà. Ọ̀sà Bàdágírì kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹnu èbúté Èkó ni iyọ̀ ń gbà wọlé. Bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí ẹnu yẹn ni iyọ̀ ń dín, tí iye oṣù tí omi fi ń korò nínú ọdún náà sì ń dín. Nítorí náà, apá Kírìkírì àti iwájú Tin Can Island kì í ṣe omi kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn Festac, Festac kì í sì í ṣe omi kan náà pẹ̀lú apá tó lọ sí Ọ̀jọ́.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wo iyọ̀ nínú ẹ̀kán omi kan. Bí ẹ bá lè yá a lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ yá a. Bí kò bá sí, ẹ wo ewé. Koríko omi olódòdó àlùkò tí wọ́n ń pè ní water hyacinth wọ ọ̀sà Bàdágírì láti apá orílẹ̀-èdè Benin ní 1984, kò sì fẹ́ràn iyọ̀ rárá. Ibi tó bá ṣì ń tutù yọ̀yọ̀ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, omi ibẹ̀ kò korò tó fún ọ́ísítà. Ilé ẹpìyà ni kí ẹ kọ́ síbẹ̀. Ibi tó bá ti gbẹ, tó ti ń rà lójú omi, iyọ̀ ti débẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò okùn. Ẹ wá ìkarawun ọ́ísítà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ẹ lu ihò sí i láàárín, ẹ fi okùn náílọ́ọ̀nù sín in bí ìlẹ̀kẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ so ó kọ́ sí jẹ́tì ní ìpele mẹ́ta: ibi tí omi ń fi sílẹ̀ lójoojúmọ́, ibi tí omi kì í fi sílẹ̀, àti ibi tó kù díẹ̀ kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá nígbà tí òjò ti ń lọ. Ẹ máa fà á sókè lóṣooṣù, ẹ ka ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ìpele tí ọmọ ọ́ísítà bá pọ̀ sí jù ni gíga tó yẹ kí orí ilé yín wà. Tó bá di oṣù kẹta tí kò sí nǹkan kan lára okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́, ẹ̀yin kò sì tíì ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Ẹ fi ọ̀pá gígùn dán ìsàlẹ̀ wò láti inú ọkọ̀. Tí ọ̀pá bá wọlé tó ìgbọ̀nwọ́ méjì pẹ̀lú agbára ọwọ́ kan, ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ máa rì kí ọdún tó yí po. Ẹ wá ibi tí iyanrìn ti pọ̀ ju ẹrọ̀fọ̀ lọ, tàbí kí ẹ fi ọparun hun pẹpẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn ẹrọ̀fọ̀ tí ọ̀pá bá gbé sókè. Tó bá ń run epo, ẹ kúrò níbẹ̀. Àwọn táńkì epo tó wà ní Kírìkírì àti Ìjẹgun kò jìnnà sí omi, ọ́ísítà sì máa ń kó ohun tó bá wà nínú omi sínú ara. Èyí tó bá hù nítòsí jẹ́tì epo tàbí ẹnu gọ́tà ńlá, ẹ fi sílẹ̀ fún akàn. Kò yẹ fún ọbẹ̀.

Ẹ tún sá fún ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn. Ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ wọn ń rú sókè máa ń bo gbogbo nǹkan tó wà nísàlẹ̀ omi, ìyókù ìsàlẹ̀ náà á sì máa yọ́ wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́.

Àkájà

Kí kọnkéré tó dé ni a ti ń kọ́lé fún ẹja. Lórí adágún Nokoué ní Benin, níbi tí abúlé Ganvié wà, lórí ọ̀sà Porto-Novo, títí wọ Bàdágírì àti ọ̀sà Èkó, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn ju mítà kan sí mítà kan àbọ̀ lọ. Àkájà nìyẹn. Ewédò á hù sára igi, ẹpìyà á máa jẹ ewédò náà, á fi àárín igi ṣe ibi ìsápamọ́, á sì bímọ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ igi kúrò, wọ́n á kó ẹja. Welcomme tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972, rí i pé ẹja tó ń ti inú rẹ̀ jáde tó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Ọ̀sà lásán kò lè mú bẹ́ẹ̀ wá.

Síbẹ̀, àkájà ní gbèsè tirẹ̀. Igi ẹ̀gbà ni wọ́n máa ń gé fún un, èyí tó túmọ̀ sí pé à ń wó ilé ẹja kan láti fi kọ́ òmíràn. Igi inú omi kì í tọ́jọ́: ó ń jẹrà, níbi tí iyọ̀ bá sì wà, kòkòrò tó ń lu igi á sọ ọ́ di kànrìnkàn. Bí igi bá pọ̀ jù, ẹrẹ̀ á máa sé síbẹ̀, omi ibẹ̀ kò ní í jìn mọ́. Ìjà tún wà níbẹ̀. Ní 1993, Solarin àti Udolisa kọ̀wé lórí àkájà ọ̀sà Èkó àti ohun tó ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn apẹja, nítorí ẹni tó bá ri igi mọ́lẹ̀ ti sọ apá kan omi di tirẹ̀, ẹni tó ń wọ́ àwọ̀n kò sì lè kọjá níbẹ̀ mọ́.

Ní Côte d'Ivoire, lórí ọ̀sà Ébrié, àwọn onímọ̀ ẹja lo ọparun dípò ẹ̀ka igi láàárín ọdún 1980 sí 1989, ìyẹn ni mo sì fara mọ́ fún ẹ̀yìn Festac, níbi tí omi kò ti korò púpọ̀. Ọparun kò wọ́n, kì í ṣe igi ẹ̀gbà, ara rẹ̀ sì ń gba ewédò dáadáa. Ẹ ri í mọ́lẹ̀ ní òòró, kí ààyè tó ọwọ́ kan wà láàárín wọn, kí ẹ sì fi ọ̀nà omi sílẹ̀ láàárín rẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa kọjá. Apá tó bá korò ni kí ẹ fi kọnkéré sí.

Ìrísí rẹ̀

Ihò ni ẹja ń wá, kì í ṣe ògiri. Búlọ́ọ̀kù tó dí pátápátá kò wúlò ju òkúta lásán lọ. Mo fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ihò oríṣiríṣi: èyí tí ìka méjì lè wọ̀ fún ọmọ akàn àti edé, èyí tí ọwọ́ dídì lè wọ̀ fún ẹpìyà, àti ọ̀kan tàbí méjì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀bọ̀kún, tó fẹ́ràn láti yé ẹyin rẹ̀ sínú ihò. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnu méjì. Èyí tó bá ní ẹnu kan ṣoṣo, omi inú rẹ̀ kì í yí padà, ẹrẹ̀ á dí i, ẹja tí ọ̀tá bá sì lé wọbẹ̀ ti kó sí pàkúté.

Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé kọnkéré máa ń fúyẹ́ nínú omi. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní òró, ní ìbú àti ní gíga, tí ihò kó ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan: ó máa wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 100 lórí ilẹ̀, àmọ́ bíi kílò 60 péré ni yóò jẹ́ tó bá wọ omi. Ènìyàn mẹ́rin lè gbé e, omi ọ̀sà kò sì ní í tì í ṣubú. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lè yí i dànù.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò

Táyà. Mo mọ̀ pé òkìtì rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà gbogbo láti Mile 2 dé Agboju, ọ̀fẹ́ ni, ó ní ihò láàárín, ó sì jọ pé Ọlọ́run ló pèsè rẹ̀. Ohun tí wọ́n rò nìyẹn ní Fort Lauderdale ní Florida. Láti 1972 ni wọ́n ti kó táyà tó lé ní mílíọ̀nù méjì sínú òkun níbẹ̀, tí wọ́n fi okùn náílọ́ọ̀nù àti irin dì wọ́n pọ̀, pé iyùn á hù sórí rẹ̀. Iyùn kò hù. Irin jẹrà, okùn já, ìjì dé, táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbiri lórí òkìtì iyùn gidi tó wà nítòsí, ó ń fọ́ ọ. Ní 2007 ni àwọn ọmọ ogun tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde, iṣẹ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìfúyẹ́ táyà nínú omi ló fa gbogbo rẹ̀.

Fíríìjì àtijọ́, ìgò, ike, mọ́tò tí epo ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀: ilẹ̀ ààtàn ni ìwọ̀nyí ń lọ. Ẹni tó bá dà wọ́n sómi, tó ní ilé ẹja lòun ń kọ́, ìdọ̀tí ló ń dà.

Pípo kọnkéré

Sìmẹ́ńtì ọ̀kan, ṣáápù sáńdì méjì, gránáítì wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 42.5 sára àpò rẹ̀ ni kí ẹ lò. Omi tí ẹ máa dà sí àpò oníkílò 50 kan kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi líta 22 lọ. Bíríkìlà máa ń fẹ́ fi omi sí i kó lè ṣàn fún un. Ẹ má gbà, omi púpọ̀ ló ń mú kí iyọ̀ rí ọ̀nà wọlé. Àpò kan máa ń tó irú ilé tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí bíi mẹ́ta. Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, ẹ má lò ó.

Pákó ni kí ẹ fi ṣe mọ́ọ̀dù. Fún ihò, ẹ gé pòpó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìwọ̀n, ẹ tẹ́ ẹ gba inú mọ́ọ̀dù kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ẹ tó da kọnkéré. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tì í jáde pẹ̀lú igi. Èyí tó bá kù síbẹ̀ á jẹrà fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnì dúdú pa mọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé kíkọ́. Epo yẹn máa lẹ̀ mọ́ kọnkéré, kò sì sí ọmọ ọ́ísítà tó máa fara kan án. Náílọ́ọ̀nù tí ẹ bá tẹ́ sínú rẹ̀ ti tó.

Nígbà tí kọnkéré bá ṣì tutù, ẹ tẹ ìkarawun ọ́ísítà fífọ́ mọ́ ara rẹ̀ níta, nítorí ọmọ ọ́ísítà máa ń yan ibi tí àwọn àgbà rẹ̀ ti gbé rí. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣá. Bíríkìlà yóò fẹ́ fi tírówèlì dán an, torí ojú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rò. Ẹ dá a dúró, ẹ sì bá a sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bíi pé ẹ̀ ń tàbùkù rẹ̀.

Irin ńkọ́? Fún ìwọ̀n yìí, ẹ má fi irin sí i rárá. Iyọ̀ máa wọlé bá irin, irin á dípẹtà, á wú, á sì la kọnkéré. Okùn tó nípọn tí ẹ sin sínú rẹ̀ ti tó láti fi gbé e. Tí ẹ bá ń kọ́ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, tó sì pọn dandan kí irin wà níbẹ̀, kọnkéré tó bò ó kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún níbikíbi.

Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì pé ọjọ́ 28 kí ẹ tó gbé e. Kọnkéré tuntun máa ń tú oró jáde bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹran omi kéékèèké kò sì lè fara dà á. Nítorí náà, ẹ ṣe é ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ gbé e síta kí òjò ìkẹyìn ọdún máa fọ̀ ọ́. Tó bá fi máa di ìparí oṣù kọkànlá, oró rẹ̀ á ti rọ̀, iyọ̀ á ti ń padà wọ ọ̀sà, ọmọ ọ́ísítà á sì ti ń wá ibi tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ sómi ní oṣù kẹfà, ẹrẹ̀ àti ewédò á ti bò ó kí ọ́ísítà tó dé.

Gbígbé e sómi

Ẹ so ọkọ̀ méjì pọ̀, ẹ tẹ́ pákó láàárín wọn, ẹ fi okùn sọ ilé náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tì í dànù; ó lè dojú dé. Ẹ kó wọn jọ ní àkójọ mẹ́fà sí mẹ́wàá, kí àlàfo tó apá kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tò wọ́n bí fẹ́ǹsì tó dábùú omi, torí ẹ̀yìn irú fẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń jókòó sí.

Ọ́ísítà fẹ́ràn ibi tí omi kò jìn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì sì kórìíra ohun líle níbi tí omi kò jìn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ gbé tiyín sí abẹ́ jẹ́tì tàbí etí bèbè tí ọkọ̀ kì í gbà. Tó bá jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà rárá, omi tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà kan àbọ̀ nígbà tí omi bá fà jù. Ẹ so jálákàánì tí ẹ kùn ní àwọ̀ pupa mọ́ ọn, kí ẹ lẹ ohun tó ń tàn lálẹ́ mọ́ jálákàánì náà. Ẹ̀mí èrò inú ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju ẹja lọ.

Àṣẹ àti àwọn aládùúgbò

Ẹ má gbé búlọ́ọ̀kù kan sómi láìgba ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ìrìnnà ojú omi inú ilẹ̀ wa, nítorí náà NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà omi inú ilẹ̀, ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹ máa lọ. Ẹ tún lọ bá LASWA, àjọ ọ̀nà omi tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008, àti ẹ̀ka ẹja ní ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀. Tí iṣẹ́ náà bá tóbi, òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ń ní lórí àyíká lè kàn yín.

Ìwé ìjọba kò tó. Ẹ lọ kí baálẹ̀ àwọn abúlé tó wà lórí omi náà, kí ẹ sì jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn apẹja, àti ọkùnrin tó ń ju àwọ̀n àti obìnrin tó ń mú akàn. Kí ẹ mú àwòrán ibi tí ẹ fẹ́ lò lọ́wọ́, kí ẹ sì gbà tí wọ́n bá ní kí ẹ sún un. Wọ́n mọ ibi tí àwọ̀n wọn ń gbà jù yín lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ni ẹja tó bá pé jọ síbẹ̀, oṣù wo ni a lè mú un, oṣù wo ni a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní Gambia, àwọn obìnrin tó ń kó ọ́ísítà láti ara igi ẹ̀gbà ní Tanbi dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀ ní 2007. Wọ́n fẹnu kò láti máa sé omi fún àkókò kan lọ́dún kí ọ́ísítà lè dàgbà, ní 2012 ìjọba sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ lórí ìkórè náà. Àdéhùn ló dáàbò bo ọ́ísítà wọn, kì í ṣe kọnkéré.

Etí òkun gbangba

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tún ní erékùṣù àti iyanrìn tó dojú kọ Àtìláńtíìkì, ẹnìkan á sì fẹ́ béèrè bóyá a lè gbé ilé ẹja síbẹ̀. Ìdáhùn mi ni rárá, àyàfi tí ẹ bá ní ẹnjiníà etíkun lọ́wọ́. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni òkun ń gbé iyanrìn ní etíkun wa, ògiri náà sì dí i lọ́nà. Iyanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì jẹ Bar Beach ní apá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi fi kọnkéré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ kọ́ odi ńlá ti ìlú Eko Atlantic síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé sínú ìgbì gbangba lè wó etí omi abúlé ẹlòmíì tí ẹ kò mọ̀ rí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kalẹ̀

Ẹ máa lọ wò ó lóṣooṣù ní ọdún àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ yọ àwọ̀n tó bá há sí i, torí àwọ̀n tó sọnù kì í yéé pa ẹja. Ẹ gbọn ẹrẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ kọ iyọ̀ omi, iye ọ́ísítà àti irú ẹja tí ẹ rí sínú ìwé kan, kí ẹ sì fún NIOMR, ilé-ìwádìí òkun tó wà ní Victoria Island, ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má retí ọ́ísítà tó tó jẹ kí ó tó pé bí ọdún kan, ẹ má sì bínú tí òjò bá pa ìdajì rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní omi tí iyọ̀ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀.

Tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì bá kọjá, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ẹrẹ̀ lọ, ẹ fà á jáde kúrò nínú omi. Ẹ ya owó ìyọkúrò yẹn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ra sìmẹ́ńtì.